Ilé tí A Kọ́ Láì Pe Oníṣọ̀nà

Àwọn kan wà láàrin wa tí wọ́n gbà pé ère jẹ́ ohun tí a ń gbé sínú ilé lẹ́yìn tí a bá ti kọ́ ilé náà tán, gẹ́gẹ́ bí a ti í gbé àga tàbí aago ògiri sí i. Lójú tiwọn, ẹni tí ń kọ́lé ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ kí agbẹ́gilére tó dé; bí agbẹ́gilére kò bá sì dé rárá, ilé kò tìtorí bẹ́ẹ̀ ṣàìjẹ́ ilé. Èmi kò bá wọn gbà bẹ́ẹ̀. Èrò mi ni pé ní ilẹ̀ Yorùbá, pàápàá jù lọ ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ tí a wà yìí, ọnà àti ilé jọ dàgbà pọ̀ ni, àti pé láti ìgbà tí a ti yà wọ́n kúrò lára ara wọn ni púpọ̀ nínú ilé wa ti di àpótí tí a ń sá òjò sí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lè bi mí pé kí ni ó kàn yín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó kàn yín púpọ̀. Ẹ̀yin ni ẹ óò kọ́ ilé tí ó ń bọ̀. Ẹ̀yin náà ni ẹ óò sì wó èyí tí ó ti wà, bí ẹ kò bá mọ ohun tí ẹ ń wó.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Ààfin Ọlọ́wọ̀, tí àwọn ará Ọ̀wọ̀ ń pè ní Àghọ̀fẹn. Ìjọba àpapọ̀ ti kà á mọ́ àwọn ibi ìrántí tí òfin dáàbò bò. Ẹni tí ó bá ń retí ilé gogoro tí a lè ti òkèèrè wò, tí a sì lè ya àwòrán rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò ní í rí irú rẹ̀ níbẹ̀. Àgbàlá ni ààfin náà, àgbàlá lẹ́yìn àgbàlá. Ùghà ni àwọn Ọ̀wọ̀ ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ọ̀rọ̀ náà sì bá ti àwọn Ẹdó mu, nítorí pé ọjọ́ ti pẹ́ tí Ọ̀wọ̀ àti Bìní ti ń bá ara wọn pàdé. Wọ́n ní nígbà tí ààfin náà wà ní pípé, àwọn ùghà rẹ̀ tó 100. Ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ lónìí kò ní í ka iye yẹn mọ́. Olúkúlùkù wọn ni ó ní iṣẹ́ tirẹ̀ àti òrìṣà tirẹ̀. Èyí tí ó tóbi jù lọ ni gbogbo ìlú ti ń péjọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe ọdún. Wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun tẹ́ ilẹ̀ àwọn kan, wọ́n sì fi àpáàdì tẹ́ ti àwọn mìíràn. Àwọn òpó tí ó gbé òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ró ni wọ́n gbẹ́ ní ère: ọba lórí ẹṣin, tàbí ọba pẹ̀lú olorì àgbà.

Ẹ kíyè sí ohun tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí ara ènìyàn. Oòrùn ń ràn ní gbangba. O rìn wọ abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, òjìji bò ọ́. O tẹrí ba kọjá ní ẹnu ọ̀nà tóóró kan, o tún bọ́ sínú ìmọ́lẹ̀ mìíràn. Bí o ti ń rékọjá láti ẹnu ọ̀nà kan dé òmíràn ni iye àwọn tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti tẹ̀ lé ọ ń dín kù. Ariwo ọjà ti kù lẹ́yìn. Ohùn tìrẹ náà ti lọ sílẹ̀, ìwọ kò sì mọ ìgbà tí o rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sára ògiri pé ọba ń bẹ níwájú. Ẹsẹ̀ rẹ àti ojú rẹ ni ó ti sọ fún ọ. Àwọn tí ó kọ́ Àghọ̀fẹn mọ̀ pé a lè gbẹ́ àyè gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbẹ́ igi, kí a gé e níhìn-ín, kí a fẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, títí yóò fi mú ìrísí tí a fẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àsọdùn ni èyí, kí ó wá sí Ọ̀wọ̀ nígbà ọdún Igógo ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà. Ọdún yìí ni a fi ń ṣe ìrántí Olorì Ọrọnsẹn. Ọlọ́wọ̀ a di irun rẹ̀ bí obìnrin, a kó ìlẹ̀kẹ̀ iyùn sára, a jáde tòun ti àwọn ìjòyè rẹ̀. A kì í lu ìlù ní àkókò náà. Agogo ni a ń lù. Nígbà náà ni ẹni tí ó ti ń sọ pé àgbàlá ńlá yẹn kàn ṣófo lásán yóò mọ ìdí tí a fi jẹ́ kí ó ṣófo. Àyè tí a fi sílẹ̀ fún ènìyàn àti fún ohùn wà lára iṣẹ́ ọnà náà, bí ojú ti wà lára ère.

Mo ti sọ̀rọ̀ òpó lẹ́ẹ̀kan, n óò sì dúró lé e lórí díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni àwọn tí ń ya ọnà kúrò lára ilé ti ń ṣìnà. Láti rí òpó tí ó lè kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ jù, a ní láti kúrò ní Ọ̀wọ̀, kí a gba Àkúrẹ́ kọjá lọ sí Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Láàrin ọdún 1910 àti 1914, Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ gbẹ́ àwọn òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà níbẹ̀. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni a ti bí ọkùnrin yìí ní nǹkan bí ọdún 1875, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ni ó tẹ̀dó sí, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ fún Arínjalẹ̀, ọba ìlú náà. Ó kú ní ọdún 1938. Kò tíì sí agbẹ́gilére Yorùbá kan tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé jù ú lọ.

Lórí òpó tí ó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn ti Ìkẹ́rẹ́, ọba jókòó, ẹyẹ sì bà lé ṣóńṣó adé rẹ̀. Àwọn ènìyàn kéékèèké wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni olorì àgbà dúró sí, ó fi ọwọ́ méjèèjì kan ìtẹ́ ọba, ó sì ga ju ọba lọ fíìfíì. Ẹni tí ó bá sáré wò ó yóò sọ pé ọba ni ère náà ń yìn. Ṣùgbọ́n ẹ gbójú sókè, ẹ wo ibi tí ẹrù òrùlé bọ́ sí. Kò bọ́ sórí ọba. Orí olorì ni ó wà. Olorì àgbà ni ó ń gbé adé lé ọba lórí ní ọjọ́ ìwúyè. Ọlọ́wẹ̀ sì wí i láìla ẹnu pé bí obìnrin yìí bá yẹsẹ̀, ilé wó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi ara yín léèrè: irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣé a lè fi ère tí ó dá dúró lórí tábìlì sọ ọ́? A kò lè sọ ọ́. Òpó náà gbọ́dọ̀ ru òrùlé kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó pé.

Òpó yìí wà ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà lónìí, nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ikán kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ru nǹkan kan mọ́.

Ti ilẹ̀kùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pani lẹ́rìn-ín. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ sára rẹ̀ bí Ògògà ti gba aláṣẹ òyìnbó kan lálejò, òyìnbó náà nínú ohun tí àwọn ènìyàn fi gbé e lórí, Ògògà lórí ìtẹ́. Àwọn ère náà yọ jáde lára pákó débi pé ó dà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ní ọdún 1924 wọ́n gbé e lọ sí àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí àwọn alábòójútó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti Gẹ̀ẹ́sì rí i, wọn kò fẹ́ kí ó padà sílé mọ́. Níkẹyìn wọ́n fi ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ wọn rọ́pò rẹ̀ fún Ògògà, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn. Lójú tèmi, pàṣípààrọ̀ náà kò dọ́gba. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó lè jókòó lórí ìtẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó bá ń wọlé ni ilẹ̀kùn ń bá sọ̀rọ̀.

Kí ẹ má ṣe rò pé mo ń bú àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Láti ọdún 1968 ni ọ̀kan ti wà ní Ọ̀wọ̀ níhìn-ín, tí a dá sílẹ̀ láti tọ́jú àwọn nǹkan àtijọ́ tí ó ti wà nínú ààfin Ọlọ́wọ̀. Bí kò bá sí i, ikán àti olè ì bá ti pín wọn jẹ. Ní ọdún 1971, Ekpo Eyo wa ilẹ̀ ní Igbó Lájà, ó sì rí àwọn ère amọ̀ sísun tí ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí 600 ọdún: orí ènìyàn tí a fi sùúrù mọ, ẹkùn tí ó ń jẹ ẹsẹ̀ ènìyàn, àti onírúurú mìíràn. Nípa wọn ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi rí i pé ní ìgbà láéláé yẹn, Ọ̀wọ̀ ní ọwọ́ ọnà tirẹ̀, tí ó jọ ti Ifẹ̀ ní apá kan, tí ó sì jọ ti Bìní ní apá kejì. Ó yẹ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ ìtọ́jú. Ohun tí mo kọ̀ ni kí a máa rò pé ibi tí ère ń fẹ̀yìn tì sí ni ibi tí ó yẹ kí a bí i sí.

Nísinsìnyí mo fẹ́ kọjú sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń rẹ́rìn-ín oríṣi ọnà kan tí ó wọ́pọ̀ lóde òní. Àwọn oníṣọ̀nà kan ń ṣe iṣẹ́ tí a kì í dúró níwájú rẹ̀ nìkan wò. Inú rẹ̀ ni a ń wọ̀, a ń rìn yí i ká, a ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n lè kó ilẹ̀kùn, tàbí irin, tàbí aṣọ, tàbí òjìji pàápàá jọ, kí wọ́n fi kún gbọ̀ngàn kan. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé pàǹtírí ni, àti pé àwọn òyìnbó ni ó kó irú rẹ̀ wá. Ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ nínú wọn jẹ́ pàǹtírí lóòótọ́. Kò sí iṣẹ́ tí kò ní ọ̀lẹ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n pé òyìnbó ni ó kó o wá? Ọmọ ìlú tí ó ní Àghọ̀fẹn kò yẹ ní ẹni tí yóò sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo Òṣogbo. Susanne Wenger, obìnrin ará Austria tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, dé ilẹ̀ wa ní ọdún 1950, kò sì padà lọ títí ó fi kú ní ọdún 2009. Òun àti àwọn oníṣọ̀nà ọmọ ìbílẹ̀ ni wọ́n jọ mọ àwọn ojúbọ àti ògiri tí ó wà nínú Igbó Ọ̀ṣun, èyí tí gbogbo àgbáyé kà mọ́ ogún ọmọ aráyé ní ọdún 2005. Ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ kò ní í mọ ibi tí ilé parí sí tí ère ti bẹ̀rẹ̀. Adébísí Àkànjí wà lára àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà. Bíríkìlà ni ọkùnrin yìí tẹ́lẹ̀, ó sì ń fi sìmẹ́ńtì mọ kìnnìún sí ilé àwọn olówó. Bí ó ti ń bá a lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi sìmẹ́ńtì kan náà ṣe ògiri oníhò tí ó kún fún ènìyàn, ẹyẹ àti ẹranko, tí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ilé epo kan ní Òṣogbo pàápàá ní irú ògiri bẹ́ẹ̀ láti ọwọ́ rẹ̀. Sìmẹ́ńtì ni o, ohun tí gbogbo wa ń rà lọ́jà!

Demas Nwoko, tí a bí ní ọdún 1935, gba ọ̀nà mìíràn dé ibì kan náà. Iṣẹ́ ọnà ni ó kọ́ ní Zaria, kì í ṣe ilé yíyà, síbẹ̀ òun ni ó ya ilé ìsìn àwọn Dòmíníkà ní Ìbàdàn, tí ó sì kọ́ ọ bí ẹni ń gbẹ́ ère. Ní ọdún 2023, nígbà tí àwọn ayàwòrán ilé káàkiri ayé péjọ sí Venice ní ilẹ̀ Itálì, òun ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà nítorí gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀.

Ní ìlú Venice yìí kan náà ni Péjú Alátiṣe ti fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ìmọ̀ ilé yíyà ni òun kọ́ ní Yunifásítì Ladoke Akintola ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí ó tó di oníṣọ̀nà. Ní ọdún 2017 ó gbé ère àwọn ọmọbìnrin mẹ́jọ oníyẹ̀ẹ́ kalẹ̀ níbẹ̀. Ìtàn ọmọ ọdún mẹ́wàá kan tí ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Èkó, tí ó ń lá àlá ibi tí òun ti lè fò, ni ó fi ṣe é. Ní ọdún 2021, níbi àfihàn àwọn ayàwòrán ilé, ó kó ilẹ̀kùn àti ère ènìyàn jọ, ó sì pe iṣẹ́ náà ní Alásìírí. Kí ni ilẹ̀kùn ń ṣe bí kò ṣe pé ó ń bo àṣírí, tí ó sì tún ń tú u? Àjèjì lè ní láti ka àlàyé gígùn kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé e. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti gba ẹnu ọ̀nà ùghà kan bọ́ sí òmíràn rí, tí ó sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń jẹ́ kí gbogbo ènìyàn kọjá, yóò mi orí. Iṣẹ́ yìí sún mọ́ ààfin Ọlọ́wọ̀ ju ère inú àpótí gíláàsì lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ààfin náà ni ère inú gíláàsì ti wá.

Àwọn àgbà yóò bá mi jiyàn. Wọ́n á ní owó dà? Èsì mi ni pé owó wà fún àwọn òpó róbótó onísìmẹ́ńtì tí a ń rà ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe wọ́n ní irú kan náà fún gbogbo ìlú, tí a sì ń tò síwájú ilé láti Ifọ́n dé Ìdóàní. Bí a bá gé méjì kúrò nínú wọn, a ó rí owó ọ̀kan tí a gbẹ́. Wọ́n á ní ikán ń jẹ igi. Òtítọ́ ni; ìdí nìyẹn tí àwọn baba wa fi ń yan igi tí ó le, tí wọ́n ń tún òrùlé ṣe kí omi má ba à kán sórí òpó, tí wọ́n sì ń pe agbẹ́gilére padà nígbà tí ọ̀kan bá gbó. Òpó tí a kò bá rọ́pò rẹ̀ kọ́ ni ó pa iṣẹ́ yìí. Àìpe ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ ni.

Èyí tí ó wúwo jù ni ti ìsìn. Àwọn onígbàgbọ́ àti àwọn mùsùlùmí kan gbà pé ibi tí ère bá wà, ìbọ̀rìṣà wà níbẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á. Ṣùgbọ́n kí a rántí Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ní ọdún 1947, Fadá Kevin Carroll àti ẹnìkejì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ibi iṣẹ́ ọnà kan níbẹ̀ fún ìjọ Kátólíìkì, wọ́n sì pe Bándélé, ọmọ Àrẹògún ti Òsì, láti máa gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ère fún ilé ìsìn. Lára àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé ni Làmídì Fákẹ́yẹ ti Ìlá Ọ̀ràngún, ẹni tí ó jẹ́ mùsùlùmí, tí ó gbẹ́ ọnà fún ṣọ́ọ̀ṣì, tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì wà ní Gbọ̀ngàn Odùduwà ní Yunifásítì Ifẹ̀ títí di òní. Ó kú ní ọdún 2009. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ba ìsìn rẹ̀ jẹ́, ìsìn rẹ̀ kò sì gba ohun èlò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ tàbí ti Ọ̀sẹ̀ bá tún fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn, tàbí tí ilé ẹ̀kọ́ kan bá fẹ́ kọ́ ilé ìkàwé, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tóbi. Kí wọ́n pe oníṣọ̀nà ní ọjọ́ tí ayàwòrán ilé bá kọ́kọ́ tẹ́ ìwé rẹ̀ sórí tábìlì, kí ó lè sọ ibi tí òpó yóò dúró sí àti ohun tí òpó náà yóò sọ, ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò gbà wọlé, àti ibi tí àwọn ènìyàn yóò ti dúró díẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Bí a bá pè é lẹ́yìn tí a ti kun ilé lọ́dà tán, kí ni ó kù fún un láti ṣe ju kí ó wá gbé ère kan sí igun?

Iṣẹ́ tí mo ní fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ni èyí. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó ń bọ̀, kí olúkúlùkù yín lọ sí ilé tí ó dàgbà jù ní agbo ilé rẹ̀. Kí ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà ibẹ̀, kí ẹ sì tọrọ àyè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka àwọn òpó. Ẹ wo èyí tí a gbẹ́ àti èyí tí a kò gbẹ́. Ẹ béèrè ibi tí baálé máa ń jókòó sí, ẹnu ọ̀nà tí ìyàwó tuntun gbà wọlé, àti ibi tí wọ́n ń tẹ́ òkú sí. Ẹ fi ìṣísẹ̀ wọn fífẹ̀ àgbàlá, kí ẹ ya gbogbo rẹ̀ sórí ìwé pẹ́ńsù. Ẹ ṣe é kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé lára àwọn ògiri wọ̀nyí, àwọn kan wà tí kò ní í rí òpin rẹ̀.